Àpò Inú Yẹ̀rì

Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò jìnnà ní àdúgbò wọn, bó ti wù kó kánjú tó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Alápò. Télọ̀ ni Ìyá Alápò. Ó ń rán aṣọ ọmọdé, ó ń rán aṣọ àgbà, ṣùgbọ́n àpò ìkọ̀kọ̀ ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Abẹ́ kọ́là, inú ìgbànú ṣòkòtò, ẹ̀yìn síìpù, ibi tí ọkàn olè kò ní lọ, ibẹ̀ ló máa ń fi àpò sí. Oníbàárà rẹ̀ kan tiẹ̀ gúnlẹ̀ sí òkè òkun tán, òun fúnra rẹ̀ kò rí àpò náà mọ́. Ó di dandan kó pe Ìyá Alápò lórí fóònù kó tó rí ìwé ìrìnnà rẹ̀ yọ. Ìtàn yìí ni Ìyá Alápò fi ń kí àlejò káàbọ̀. Bó bá sọ ọ́ tán, á gbé abẹ́rẹ́ sókè, á ní, "Bí olè bá rí àpò tí mo rán, ẹ wá mú èmi."

Ká fi ti ìgbéraga sílẹ̀ ná, obìnrin náà mọṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi jiyàn nígbà tí ọ̀rọ̀ ojú àbúrò rẹ̀ délẹ̀, tí gbogbo ẹbí sì ní òun ni kó mú un lọ sí òkè òkun, òun náà ni kó tọ́jú káàdì owó.

Jórin ni wọ́n ń pe àbúrò náà. Jórinjórin ni, òun ló jó géètì àti fèrèsé ìdajì ìlú. Kì í fẹ́ lo awò dúdú bó bá ń ṣiṣẹ́. Ó ní awò ń jẹ́ kí irin parọ́ fún òun. Irin kò parọ́, ṣùgbọ́n iná irin gbẹ̀san. Nǹkan funfun kan yọ́ bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, títí tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá dúró níwájú rẹ̀, òjìji lásán ló ń rí. Àwọn dókítà ilé yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ẹ̀yìn ẹyinjú náà ti ní ọgbẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kọjá agbára àwọn. Ojú méjèèjì ni Jórin sì fẹ́ gbà padà. "Ẹni tó bá ń fi ojú kan jórin," ló máa ń wí, "àlàfo á máa tàn án jẹ. Á rò pé irin méjì ti fẹnu kanra, wọn ò tíì kanra." Bí wọ́n bá ṣe ojú kan ṣoṣo fún un, á ríran rìn, á ríran jẹun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ parí nìyẹn.

Owó iṣẹ́ abẹ náà wà ní báǹkì, ní orúkọ ọmọ Jórin obìnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Tíṣà nítorí pé olùkọ́ ni. Òun ì bá tẹ̀ lé bàbá rẹ̀, àmọ́ oyún inú rẹ̀ ti dàgbà kọjá èyí tí wọ́n ń gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tó fi káàdì báǹkì náà lé Ìyá Alápò lọ́wọ́, ó kìlọ̀ fún un bí ẹni ń kìlọ̀ fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí káàdì yìí kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má kọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sórí ìwé kankan. Tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, ohun yòówù kó jẹ́, ẹ pè mí lójú ẹsẹ̀. Mo lè ti káàdì náà pa láti ibi tí mo bá jókòó sí."

"Èmi lò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan?" Ìyá Alápò dá a lóhùn. "Èmi tí mo pọ̀n ọ́ lẹ́yìn! Ó dáa, olùkọ́, mo ti gbọ́."

Kò kọ ọ́ sórí ìwé lóòótọ́. Ìwé máa ń ya, ọpọlọ àgbà sì máa ń gbàgbé, ṣùgbọ́n òwú kì í gbàgbé. Ó fa òwú pupa yọ, ó fi abẹ́rẹ́ kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí inú àpò yẹ̀rì tó fẹ́ wọ̀ rìnrìn àjò, bí ẹni ń kọ orúkọ ọmọ sára aṣọ ilé-ìwé. Ibi tí káàdì ń fẹ̀gbẹ́ lé gan-an ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọgbọ́n ńlá ni.

Wọ́n gúnlẹ̀ láyọ̀. Láti pápákọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú irin ni yóò gbé wọn dé ìlú tí ilé ìwòsàn wà. Bí wọ́n ṣe ń rìn nìyí: Ìyá Alápò á wà lápá òsì àbúrò rẹ̀, Jórin á sì fi ọwọ́ òsì di ìbàdí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Ẹ̀gbẹ́ ìbàdí yẹn náà ni àpò wà. Wọn kò ní rìn jìnnà kí Ìyá Alápò tó fọwọ́ kan àpò láti òkè aṣọ, kó lè mọ̀ pé káàdì kò tíì fò lọ, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa kan ọwọ́ àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí àpò yìí sinmi," Jórin wí. "Bí olè ò bá tiẹ̀ mọ ibi tó wà, ẹ ti júwe rẹ̀ fún un."

"Pa ẹnu rẹ dé. Máa wo ẹsẹ̀ rẹ."

"Kí ni kí n fi wò ó?"

Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀ láti ilé.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, obìnrin kan tó dé fìlà òwú jókòó síwájú wọn. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó tẹ orí síwájú, ó sì kí wọn ní èdè ilé. Ẹni tó bá ti wà ní ilẹ̀ onílẹ̀ rí mọ bó ṣe ń rí. Èdè ẹni a máa dùn ní etí níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, olúwarẹ̀ á sì máa rò pé ẹni tó ń sọ ọ́ kò lè ṣe òun níbi. Kí ọkọ̀ tó dúró lẹ́ẹ̀kan, Ìyá Alápò ti sọ ìtàn ojú Jórin fún un, ó ti sọ ti ilé ìwòsàn. Jórin fi orí ti fèrèsé, ó sùn.

"Ẹ ṣọ́ra ní ìlú yìí o, Màmá," onífìlà wí. "Inú ọkọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti kó ìwé mi, wọ́n kó káàdì mi. Ká ní mo mọ ẹni tó lè rán àpò gidi ni, ìyà yẹn ò ní jẹ mí."

Haa! Ẹni tó ń wá ẹni tó lè rán àpò! Ẹ wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀! Ìyá Alápò gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́. Ó gbìyànjú títí wọ́n fi kọjá afárá kan. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Dìde, jẹ́ n fi nǹkan hàn ọ́."

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Àwọn méjèèjì lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, níbi tí kò sí ọkùnrin. Ìyá Alápò gbé aṣọ òkè sókè díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: bí ìrán òde ṣe ń tan ojú jẹ, bí síìpù ṣe sá pamọ́ sábẹ́ ìṣẹ́po, bí àpò ṣe ní àpò mìíràn nínú. Onífìlà ń pariwo, "Ẹ mà mọṣẹ́ o! Ọwọ́ yìí ò ní rọ!" Adùn ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Alápò lára. Ó fẹ́ kó rí ìrán inú náà, ìyẹn ni òun mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń yí irú àpò bẹ́ẹ̀ síta.

"Bá mi mú èyí dání ná," ó wí, ó sì na káàdì sí i.

Ó yí àpò síta. Nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là síta pẹ̀lú òwú pupa, gbàgàdà. Onífìlà fi ìka tọ ìrán náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní òun kò rí irú èyí rí. Nígbà tí Ìyá Alápò yí i padà tán, onífìlà fi káàdì lé e lọ́wọ́, Ìyá Alápò sì tì í bọ àpò láìwò ó, torí ojú onífìlà ló ń wò, ó ń wá ìyìn tó kù. Onífìlà bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ń juwọ́ sí wọn láti ìsàlẹ̀.

Ilé àlejò tí wọ́n dé sí kò tóbi. Yàrá kan ni, bẹ́ẹ̀dì méjì, tábìlì kan, àti fèrèsé tó dojú kọ ògiri. Jórin jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tú okùn bàtà. Ìyá Alápò yọ káàdì jáde láti gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Àwọ̀ káàdì náà kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ara rẹ̀ kì í ṣe ti Tíṣà. Orúkọ ọkùnrin kan tí kò gbọ́ rí ló wà níbẹ̀.

Ó yí i sẹ́yìn, ó yí i síwájú. Kì í ṣe owó ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, àti àwọn oníbàárà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Fóònù dún. Tíṣà ni.

"Màmá, ẹ kú ìrìn o. Álẹ́ẹ̀tì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé síbí, wọ́n gba owó ńlá nínú káàdì yẹn. Ṣé ẹ̀yin lẹ gbà á?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Bó bá ní "Rárá," káàdì á kú lójú ẹsẹ̀, ohun tó bá lọ á ti lọ, èyí tó kù á kù. Ṣùgbọ́n bó bá ní "Rárá," ìbéèrè tó kàn á jẹ́ "Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?" Ìyá Alápò wo àpò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó wo òwú pupa, ojú sì tì í.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mo gbà á. Wọ́n ní ká mú díẹ̀ dání."

"Ó dáa, Màmá. Mo kàn ní kí n béèrè ni."

Ní orí bẹ́ẹ̀dì kejì, ọwọ́ Jórin dúró lórí okùn bàtà. Ìyá Alápò rò pé kókó okùn náà ló le.

Ní ọjọ́ kejì, ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ wo ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó sì gba ibùdókọ̀ ojú irin lọ. Ó fẹ́ wá onífìlà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí pé kí ló fẹ́ ṣe fún un bó bá rí i. Otútù mú ní ìlú náà, gbogbo ayé ló dé fìlà. Ó wo ojú obìnrin títí ojú fi ń ro ó, ọlọ́pàá kan sì wà níbẹ̀ tó ń wo òun náà. Ó rò ó lọ́kàn láti bá ọlọ́pàá náà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó rí ara rẹ̀ níwájú rẹ̀, tó ń gbé aṣọ sókè láti fi àpò hàn án. Ó yí ẹ̀yìn padà.

Ojú ọ̀nà ló wà nígbà tí Tíṣà tún pè.

"Màmá, òmíràn tún ti wọlé. Ẹ̀yin náà ni?"

"Èmi náà ni. Ilé ìwòsàn ní ká máa san án díẹ̀díẹ̀."

"Díẹ̀díẹ̀ kẹ̀? Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Ṣé o wà níbí ni?" Ó jágbe mọ́ ọmọ náà. Ó gbọ́ bí Tíṣà ṣe tọrọ àforíjì. Ìtọrọ àforíjì yẹn dun Ìyá Alápò ju kí ó bú u lọ. Ọkàn rẹ̀ ń sọ pé òun á rán aṣọ tọ̀sán-tòru bí òun bá délé, òun á dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé ìwòsàn kò ní dúró de máṣíìnì rẹ̀.

Nígbà tó padà dé, Jórin ní òun fẹ́ gba afẹ́fẹ́. Wọ́n jáde, ó di ìbàdí rẹ̀ mú gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Adìyẹ bà lókùn. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Wọ́n rìn dé ibi tí wọ́n gbin igi yí bẹ́ǹṣì kan ká, wọ́n jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n," Jórin wí.

"Kí ló dé?"

"Láti àná, ọwọ́ yín ò kan ọwọ́ mi mọ́."

"Ọwọ́ wo?"

"Àpò. Ẹ ò yẹ àpò wò mọ́. Láti ilé wá, ẹ ò jẹ́ kí ọwọ́ mi sinmi. Láti àná, ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ wà nínú àpò ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sì gbọ́ tẹ́ ẹ sọ fún Tíṣà pé ẹ̀yin lẹ gba owó. Inú yàrá yẹn la jọ wà. Ẹ ò dé ibì kankan. Ojú mi ló ń kú lọ, ẹ̀gbọ́n mi, etí mi ṣì wà láyé."

Ìyá Alápò la ẹnu. Nígbà tí ohùn jáde, ohùn ọmọdé ni. "O mọ̀ láti àná? Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Mo rò pé ẹ máa sọ fún mi. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi dàgbà. Báwo ni mo ṣe máa jókòó bi yín léèrè bí ẹni ń bi olè?"

Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́. Kò fi nǹkan kan pamọ́: ó sọ ti onífìlà, ó sọ ti ìyìn tó ń wá, ó sọ bí òun ṣe na káàdì sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara òun. Nígbà tó dé orí nọ́ńbà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ẹ fi òwú kọ ọ́?" Jórin béèrè.

"Òwú."

"Òwú wo?"

"Òwú pupa."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Jórin. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín kúkúrú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ẹ pè é," ó wí.

Ìyá Alápò pe Tíṣà, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tíṣà kò dá sí i. Ó ní kí wọ́n dúró, wọ́n gbọ́ tó ń tẹ nǹkan, ó sì padà wá sọ pé òun ti ti káàdì pa, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún gba owó ní àárọ̀ yẹn kan náà, lẹ́yìn tí àwọn sọ̀rọ̀ tán. Ohun tó ṣẹ́ kù, òun á fi ránṣẹ́ tààrà sí ilé ìwòsàn. Ó tó ojú kan.

"Màmá," ó wí, "mo bi yín."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Lẹ́ẹ̀mejì ni mo bi yín."

Kò bú u, kò pariwo. Ó ní kí wọ́n rọra, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín, làwọn àgbà wí, Ìyá Alápò sì ti gba òwe náà gbọ́ láti kékeré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi dá ẹ̀sín dúró. Ojú ọmọ ìyá rẹ̀ ló fi ra ìyì fún ara rẹ̀, ìyì náà kò sì pé ọjọ́ méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n jókòó sórí àga funfun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n ń retí. Obìnrin oníbàárà kan fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù Ìyá Alápò láti ilé: ọmọ òun ń rìnrìn àjò, àpò ìkọ̀kọ̀ ni òun fẹ́, irú èyí tí Ìyá Alápò gan-an wọ̀ lọ. "Ẹ sáà rántí o," obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín nínú fóònù, "bí olè bá rí i, ẹ̀yin la máa mú!" Ìyá Alápò yára pa á, ṣùgbọ́n Jórin ti gbọ́. Ó fi orí ti ògiri.

Wọ́n pè wọ́n wọlé. Dókítà náà jẹ́ obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ògbufọ̀ ilé ìwòsàn sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà tan iná kékeré sí ojú ọ̀tún, ó tàn án sí ojú òsì. Ó ní bákan náà ni àwọn méjèèjì rí, bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ ṣe, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ yan èyí tó wù ú.

Jórin kò rò ó pẹ́.

"Ti òsì ni kí wọ́n ṣe," ó wí fún ògbufọ̀. "Apá ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń dúró sí. Kí n lè máa bá wọn ṣọ́ àpò."

Ògbufọ̀ tú u, dókítà sì bú sẹ́rìn-ín. Jórin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àtọkànwá, bí ẹni tí ó ti dárí jì. Ìyá Alápò gbìyànjú láti bá wọn rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì fi bíró fa ilà kékeré sókè ojú òsì, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe àṣìṣe. Ojú ọ̀tún wà níbẹ̀ láìní àmì kankan, ó là sílẹ̀ rangbandan, ó ń wo ọ̀gangan ibi tí Ìyá Alápò dúró sí, kò sì rí i. Inú Ìyá Alápò dùn díẹ̀ pé kò rí òun. Ìyẹn ló wá tì í lójú ju gbogbo èyí tó ṣe lọ.